Ìrẹ̀ Orí Òkè àti Ìrẹ̀ Etí Odò

Ọwọ́ tó rin gbingbin ni ọkùnrin náà fi wọ inú ayé obìnrin náà. Òjò ló lé e wá. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá àwọn àpótí láìkànkùn, ó gbé báàgì tó ń kán omi sórí tábìlì, ó sì na ọwọ́ sí dúrọ́ọ̀ tó sún mọ́ ọn jù, bí ẹni tó fẹ́ mú aṣọ nínú yàrá ìyá rẹ̀.

"Ẹ dúró ná," ni obìnrin tó ń tọ́jú yàrá náà wí. Kò pariwo, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le. "Ẹ kọ́kọ́ nu ọwọ́ yín."

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi méjèèjì nu ṣòkòtò tó wọ̀. Ṣòkòtò náà tutù ju ọwọ́ lọ. Ó tún wo ọwọ́ náà, ó wo obìnrin náà, kò mọ èyí tí ì bá ṣe mọ́. Obìnrin yìí ti múra ìbínú sílẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó fún un ní aṣọ ìnuwọ́ tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sí idán kankan níbẹ̀.

Iṣẹ́ obìnrin náà kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn fi ń ṣe fọ́nńté. Kòkòrò ló ń tọ́jú. Òkú kòkòrò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, tí wọ́n fi pínnì gún lẹ́yìn tí wọ́n sì tò sínú àpótí onígíláàsì. Lábẹ́ kòkòrò kọ̀ọ̀kan, lára pínnì kan náà, ìwé pélébé kan wà tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná lọ. Ibi tí wọ́n ti mú kòkòrò náà àti ọjọ́ tí wọ́n mú un ló wà lára rẹ̀. Àpótí kan kì í kúrò nínú yàrá yẹn láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń pè é ní Alápòótí. Ọ́fíìsì kékeré kan létí odò, ìrìn ọjọ́ kan gbáko sí ìlú, ni ọkùnrin náà ti wá. Kí wọ́n tó ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n ti sọ ọ́ ní Ará Odò.

Ìrẹ̀ ló wá wò. Irú ìrẹ̀ méjì wà nínú àwọn àpótí náà. Ti orí òkè kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ki, inú ilẹ̀ pupa tó le bí òkúta ló máa ń gbẹ́ ihò sí. Ti etí odò fẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, orí ẹrẹ̀ aláwọ̀ eérú ló ń gbé. Ìyẹ́ ni ìrẹ̀ fi ń dún: eyín wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ ìyẹ́ kan tó ń fi ha ìkejì. Eyín ti orí òkè kì í ju bí àádọ́rùn-ún lọ, ti etí odò a máa tó àádóje. Ẹni tó kọ́kọ́ kà wọ́n, tó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé irú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, bàbá Alápòótí ni, ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Òun ló ń tọ́jú yàrá náà kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, kí ó tó fẹ̀yìn tì. Bàbá yìí kò kọ́lé méjì, kò ra mọ́tò ńlá. Ìrẹ̀ yẹn ni gbogbo ohun tó ní láti fi yangàn.

"Mo kàn fẹ́ fi wọ́n wéra ni," ni Ará Odò wí. "Ojú ẹni méjì sàn ju ojú ẹnì kan lọ." Ó na ọwọ́, ó fẹ́ fa ọ̀kan nínú àwọn ìwé pélébé náà yọ kó lè ka ẹ̀yìn rẹ̀. Alápòótí di ọwọ́ náà mú.

"Ìwé kì í kúrò lára pínnì," ni ó wí. "Ìrẹ̀ tí kò bá ní ìwé kò nílé. Kò sẹ́ni tó lè mọ ibi tó ti wá mọ́."

"Ta ló fi òfin yẹn lélẹ̀?"

"Bàbá mi ni." Bó ṣe sọ ọ́ tán ló yíjú sí ibòmíràn.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó ti ara wọn. Ará Odò á fojú mọ́ awò ńlá tó ń sọ èèrà di erin, á máa ka eyín, Alápòótí á sì máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í já lu òǹkà.

"Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Irun yín dára lónìí. Mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún."

Alápòótí á ní kó fojú sí iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ tó kọ "irun" sí ibi tó yẹ kó kọ iye eyín sí, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá àwàdà. Ó sáré fi rọ́bà pa á rẹ́, ẹ̀pa kò bóró mọ́, Ará Odò ti rí i. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní olólùfẹ́ mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń dán omi wò kó tó wọ̀ ọ́. Alápòótí fẹ́ràn rẹ̀. Ó fẹ́ràn bó ṣe máa ń bá òkú ìrẹ̀ sọ̀rọ̀, ó fẹ́ràn bó ṣe máa ń gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sórí fèrèsé. Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ ọ́ lóminú: oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n fún ọkùnrin náà ní ìlú. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá mú ohun ńlá jáde, wọ́n á fún un ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀. Bí kò bá mú nǹkan jáde, á padà sétí odò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ará Odò gbé orí sókè láti orí awò, ojú rẹ̀ ń dán.

"Olólùfẹ́ mi, wá wo nǹkan."

Ìrẹ̀ mẹ́rìnlélógún ló wà nínú àpótí ti òkè. Nínú wọn, mọ́kànlá ló ní eyín àti ẹsẹ̀ ti odò. Ìrẹ̀ mẹ́rìnlélógún ló wà nínú àpótí ti odò, mọ́kànlá nínú wọn sì ní ti òkè. Ó ti kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ohun tó túmọ̀ sí ni pé àwọn méjèèjì ń gbé pọ̀ níbi méjèèjì, wọ́n sì ń bá ara wọn bímọ. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ọ̀kan ga, èkejì kúrú. Irú kan ṣoṣo ni ìrẹ̀ yìí, Bàbá ló ṣì í. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń yọ̀ mọ́ arúgbó, ó kàn ń yọ̀ ni, ó sì di Alápòótí lọ́wọ́ mú, ó ní wọn ò ní lè dá òun padà mọ́.

Mọ́kànlá níbí, mọ́kànlá lọ́hùn-ún. Alápòótí gbọ́ iye yẹn, ó fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ti ọkùnrin náà.

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí nìyí. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí kò tíì pé oṣù méjì lẹ́nu iṣẹ́, òrùlé jò sórí àpótí méjèèjì yìí gan-an. Tàdáwà orí àwọn ìwé pélébé ti fẹ́ máa ṣàn. Ẹ̀rù bà á. Ó mọ òfin bàbá rẹ̀ bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀, síbẹ̀ ó yọ gbogbo ìwé náà kúrò lára pínnì, ó tẹ́ wọn síbi tó gbẹ. Ó wá gún àwọn ìrẹ̀ mọ́ fóòmù kan lójú fèrèsé, ti òkè lápá ọ̀tún, ti odò lápá òsì. Ó yíjú báyìí, atẹ́gùn gbé fóòmù náà ṣubú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìrẹ̀ náà sì fọ́n sílẹ̀. Ìrẹ̀ tó bá rin, dúdú ni gbogbo wọn, ẹsẹ̀ wọn á sì ká sábẹ́ ikùn. Ó ṣà wọ́n, ó fi ojú wọ̀n wọ́n, ó fún mẹ́rìnlélógún ní ìwé ti òkè, ó fún mẹ́rìnlélógún ní ti odò. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun tò ó dáadáa. Ọdún mẹ́rin ló fi ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀.

Bí mọ́kànlá bá sì ti ibí ṣìnà lọ sọ́hùn-ún, dandan ni kí mọ́kànlá ti ọ̀hún wá síbí.

Kò sọ èyí fún Ará Odò. Ó ní kí òun dúró ná, bóyá kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí.

Bàbá ti mọ̀ pé ọmọ òun ló fẹ́ fẹ́, síbẹ̀ Ará Odò fúnra rẹ̀ ló lọ sọ ọ́ fún un nílé. Ó ní kò yẹ kí àgbàlagbà gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bàbá jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ó sì gbọ́ ọ dópin. Ohun kan ṣoṣo ló bi í: ṣé ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì? Ará Odò ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá dìde, ó ń fi ọwọ́ wá ògiri, ó wọ yàrá lọ.

Àǹtí ló kù sí pálọ̀. Àbúrò Bàbá ni, òun ló tọ́ Alápòótí lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, ẹnu rẹ̀ kì í gbé ọ̀rọ̀ mì. Ó ní òun ti rí àna tó mutí wálé, òun ti rí àna tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, àmọ́ òun ò tíì rí èyí tó wá tọrọ ọmọ tó kọ́kọ́ fi orúkọ bàbá ọmọ nulẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn fún un.

Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, Bàbá kò jẹun kánú. Alápòótí máa ń gbọ́ tó ń sọ iye eyín lábẹ́ ẹnu nínú yàrá rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ, Bàbá ní kí wọ́n pe ọkùnrin náà wá.

"Mo ti rò ó," ni Bàbá wí. "Ọwọ́ mi ni ohun tí ò ń wá wà, o sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ o wá sílé mi, o sọ fún mi pé mo ṣì í. Ọkùnrin tó bá lè ṣe ìyẹn kò ní parọ́ fún ọmọ mi. Kí àwọn òbí rẹ máa bọ̀."

Àǹtí fi etí aṣọ nu ojú. Ará Odò tẹrí ba, kò sì tètè gbé e sókè. Alápòótí rò pé ayọ̀ ni. Inú tirẹ̀ dùn, inú náà sì bà jẹ́, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, débi pé ó ní láti lọ dúró sí kíṣìnì. Wọ́n fi ìtọrọ náà sí Sátidé. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ méjì ṣáájú rẹ̀, Ará Odò yóò ka iṣẹ́ rẹ̀ níwájú gbogbo àwọn ọ̀gá.

Lọ́jọ́ Ajé, Alápòótí dé ibi iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ó gbé àpótí ti odò, ó ṣí i, ó sì fi ojú mọ́ awò. Kò wo ìyẹ́. Ẹsẹ̀ ló wò. Ìrẹ̀ tó bá gbẹ́ ilẹ̀ ní gbogbo ayé rẹ̀, ilẹ̀ náà kì í tán ní àárín ẹ̀gún ẹsẹ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ kú fún ọgbọ̀n ọdún.

Nínú mọ́kànlá náà, ẹsẹ̀ àwọn mẹ́rin ti mọ́ tónítóní, torí pé Ará Odò ti fọ̀ wọ́n kó lè rí eyín ìyẹ́ wọn kà. Ó wo àwọn méje tó kù. Ilẹ̀ pupa. Ilẹ̀ pupa. Ìwé abẹ́ wọn ní etí odò ni wọ́n ti mú wọn, ẹsẹ̀ wọn ní rárá. Nígbà tó dé orí ìkeje, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn dúrọ́ọ̀.

Ó ti wá yé e wàyí. Bàbá rẹ̀ kò ṣì nǹkan kan, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe àṣìṣe. Bí òun bá dákẹ́, òun á rí ọkọ fẹ́, òun ò ní pàdánù iṣẹ́, bàbá òun á sì kú pẹ̀lú ìtìjú ohun tí kò ṣe. Bí òun bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ Ará Odò dòfo, wọ́n á dá a padà sódò, Bàbá á sì mọ̀ pé ọmọ tí òun fọwọ́ ara òun kọ́ níṣẹ́ ló kọ́kọ́ da òfin òun nù. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Ará Odò lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà àkọ́kọ́, ọkùnrin náà ń fi ohùn kékeré ka ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ní Ọjọ́bọ̀. Nígbà kejì, ó ń fi ṣẹ́ẹ̀tì funfun tuntun han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní, "Ìfẹ́ mi, ṣé o ní nǹkan tí o fẹ́ sọ?" ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì lọ́nà tí Alápòótí kò rí rí. Ẹ̀rù bà á. Ó ní kò sí.

Nírọ̀lẹ́, Àǹtí wò ó lókè wò ó nílẹ̀ níbi tó ti ń fọ abọ́. "Ojú tí mò ń wò yìí kì í ṣe ojú ẹni tí wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ. Kí ló ṣe ọ́?"

"Kò sí nǹkan, mà."

"Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́," ni Àǹtí wí, ó sì gba kànìnkànìn lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé abọ́ kan náà ló ti ń fọ̀ láti ẹ̀ẹ̀kan.

Lọ́jọ́rú, Alápòótí fọwọ́ sí ìwé, ó gbé àpótí méjèèjì kúrò níbi iṣẹ́. Ó gbé wọn lé ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀, gbogbo kòtò tí ọkọ̀ bá kó sí, ó ń fọwọ́ méjèèjì dì wọ́n mú. Ó ti ní kí Ará Odò pàdé òun nílé. Nígbà tó wọlé, ọkùnrin náà ti wà níbẹ̀, ó jókòó létí àga bí ẹni tí kò fẹ́ pẹ́. Bàbá wà lẹ́bàá fèrèsé, Àǹtí wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Ó gbé àpótí sórí tábìlì, ó wà lórí ìdúró.

"Bàbá, ẹ ò ṣì í. Èmi ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Òjò, ìwé tó yọ, fóòmù, bó ṣe ṣà wọ́n nílẹ̀, ọdún mẹ́rin. Ó sọ ti ilẹ̀ pupa tó rí. Kò wo ojú Ará Odò rárá, torí ó mọ̀ pé bí òun bá wò ó, òun ò ní lè parí rẹ̀.

Bàbá kò bú u. Ó na ọwọ́, ó fi ìka kan gíláàsì àpótí náà bí ẹni tó ń wá ojú ọmọ nínú òkùnkùn. "Mọ́kànlá-mọ́kànlá?" ló bèèrè. Alápòótí ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá mi orí. Ó wá yí ojú tí kò ríran mọ́ sí apá ibi tí ó ti ń gbọ́ èémí ọkùnrin náà.

"Èèyàn ní láti fọ ìrẹ̀ kí ó tó ka eyín rẹ̀, bí ó bá dọ̀tí. Mélòó lo fọ̀ nínú àwọn mọ́kànlá ti odò?"

"Mẹ́rin, sà."

"Omi tí o fi fọ̀ wọ́n. Kí ni àwọ̀ rẹ̀?"

Alápòótí wá gbójú sókè, ó wo olólùfẹ́ rẹ̀, ó rí i pé òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀.

"Pupa ni, sà," ni Ará Odò wí.

"O sì mọ ohun tó túmọ̀ sí."

"Ó wá sí mi lọ́kàn, sà. Mo dà á nù, mo ní eruku lásán ni. N kò fọ ìyókù mọ́, kí n má baà tún rí i."

Àǹtí fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá sinmi lé ẹ̀yìn àga. "Ọjọ́ mẹ́wàá," ló wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi ṣọ̀fọ̀ ara mi, ẹ̀yin méjèèjì sì ń wò mí. Lọ sọ fún àwọn òbí rẹ kí wọ́n dúró sílé."

Níta, Alápòótí bá Ará Odò lẹ́nu géètì. Ìbínú tó ń bínú sí i ju èyí tó ń bínú sí ara rẹ̀ lọ, kò sì bìkítà bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́. "O jókòó níbẹ̀," ló wí, "o jẹ́ kí bàbá mi sọ pé o ò ní parọ́ fún mi, o sì gbà á."

"Ìwọ náà wà níbẹ̀," ni Ará Odò dáhùn. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìjà. Ìdí nìyẹn tó fi dun Alápòótí wọ egungun.

Lọ́jọ́bọ̀, Ará Odò dúró níwájú àwọn ọ̀gá pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ó sọ fún wọn pé òun ò ní iṣẹ́ kankan láti kà. Ó sọ ohun tó fà á. Alápòótí dìde láti ẹ̀yìn, ó sọ tirẹ̀. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi í sí ibi tí wọ́n ti ń fọ ìgò. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Ará Odò ti kó ẹrù rẹ̀ padà sétí odò. Kò sí ẹni tó dágbére fún ẹnì kejì nínú wọn.

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Mo mọ̀ pé nínú àwọn ìtàn mìíràn, èèyàn á ti gbàgbé. Alápòótí kò gbàgbé. Ó ń fọ ìgò, ó ń bínú, ó sì ń fẹ́ ọkùnrin náà. Nígbà mìíràn á dá ọwọ́ dúró nínú omi ọṣẹ, á máa rò ó pé bóyá bí òun bá ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ìtìjú ọkùnrin náà ì bá má pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bàbá ní tirẹ̀ padà sórí oúnjẹ rẹ̀, kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni ọkùnrin náà kan ilẹ̀kùn. Ó ti rù, òòrùn ti sọ ọ́ di dúdú, àpótí onígi kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn wà ní àyà rẹ̀. Àǹtí kò sọ pé kó wọlé, kò sì ti ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà dúró sí gbàgede, ó kí Bàbá láti ibẹ̀.

"Ọgọ́ta ìrẹ̀ ni, sà. Ọgbọ̀n láti orí òkè, ọgbọ̀n láti etí odò. N kò fọ ìkankan. N kò sì tíì ka eyín ìkankan."

"Èmi ò ríran," ni Bàbá wí. "Gbé e fún ọmọ mi."

Awò ọwọ́ Bàbá ni Alápòótí fi wò wọ́n, lórí tábìlì pálọ̀, ìwé pélébé kọ̀ọ̀kan lára pínnì rẹ̀. Ó gbà á ní gbogbo ọ̀sán. Ẹsẹ̀ pupa, ẹsẹ̀ kúkúrú, eyín bí àádọ́rùn-ún. Ẹsẹ̀ eléérú, ẹsẹ̀ gígùn, eyín bí àádóje. Kò sí ọ̀kan tó ṣìnà. Bàbá ń gbọ́ bó ṣe ń kà á, ètè rẹ̀ ń bá a lọ.

"Irú méjì ni, Bàbá," ni Alápòótí wí nígbà tó dé orí ọgọ́ta.

"Mo mọ̀," ni Bàbá dáhùn, àmọ́ omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó ní inú òun dùn. Ó tún un sọ.

Alápòótí jáde sí gbàgede. Ará Odò jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ti ń dúró níbẹ̀ láti ọ̀sán, omi tí Àǹtí gbé fún un nígbẹ̀yìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alápòótí jókòó, ó fi àyè ẹnì kan sí àárín wọn.

"Kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

"Òkè yẹn ga. N kò gùn ún rí. Inú àpótí nìkan ni mo ti mọ ìrẹ̀ rẹ̀." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Lọ́jọ́ tí omi yẹn pupa, ìwọ ni mo rò. Mo ní bí n kò bá rí nǹkan ńlá, wọ́n á dá mi padà, n kò sì ní rí ọ mọ́. Ìfẹ́ ló mú mi dà á nù."

"Rárá," ni Alápòótí wí. "Ẹ̀rù ni. Má fi ìfẹ́ pe ẹ̀rù. Ẹ̀rù ni tèmi náà."

Ọkùnrin náà rò ó, ó sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnì kan ń fọ mọ́tò rẹ̀ ní ilé kejì.

"Ṣé ẹ̀rù ṣì ń bà ọ́?" ni Alápòótí bèèrè.

"Ó ń bà mí gan-an."

"Ti kí ni?"

"Pé bí mo bá tún bi ọ́, wàá ní rárá."

Alápòótí sún mọ́ ọn. "N kò ní sọ bẹ́ẹ̀, olólùfẹ́ mi."

Ojú fèrèsé ni Bàbá ti sọ̀rọ̀ jáde. Ó ní etí òun kò fọ́ o, ojú nìkan ni, àti pé òun ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni wá bi òun ní nǹkan kan. Ará Odò dìde kó wọlé lọ bá a. Alápòótí dìde pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì jọ wọlé.